Ẹ má tíì yáwó ra mọ́tò: ohun tí ojú àwọn tó ń kó oúnjẹ fún ilé oúnjẹ rí ní London lọ́dún 2020

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Bódìjà ni mo ti ń ṣòwò. Ata, tòmátì, àlùbọ́sà àti ẹja ni mo ń kó fún ilé oúnjẹ mẹ́sàn-án àti hòtẹ́ẹ̀lì méjì ní Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú hòtẹ́ẹ̀lì náà ti jẹ mí lówó oṣù mẹ́ta. Ọmọ mi tó wà ní London ní nígbà Kòrónà, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi níbẹ̀ pa ilé oúnjẹ tì, wọ́n ń gbé ọjà lọ sílé àwọn èèyàn, owó sì ń wọlé. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé èmi náà lè ṣe é? Mo fẹ́ yáwó ra mọ́tò kékeré kan fún un.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, mà. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ, àmọ́ ó ku díẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pa ilé oúnjẹ tì. Ilé oúnjẹ ló kú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí ẹrù sì kún ilé. Mo wà níbẹ̀. Lọ́dún náà, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń kó èso àti ewébẹ̀ fún ilé oúnjẹ ni mo wà, nínú ọjà New Covent Garden ní Nine Elms. Èmi ni mo ń pín ẹrù sí ọkọ̀ lóru. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo di ẹni tí àwọn oníṣòwò kéékèèké ń pè pé kí n wá bá àwọn wo ìwé ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọjà náà ṣe rí, torí ó fara jọ Bódìjà ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Òru ni wọ́n ń ná an, kí oòrùn tó yọ dáadáa, ó ti ń tú. Bí ilé oúnjẹ bá parí iṣẹ́ alẹ́, ọ̀gá alásè á yẹ fíríìjì wò, á pe fóònù wa, á sì sọ ohun tó fẹ́ sínú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀: pòtétò àpò mẹ́ta, àlùbọ́sà kan, ẹ má kó tòmátì rírọ̀ bíi ti àná wá o. A ó gbọ́ ọ, a ó rà á, a ó dì í, ilẹ̀ á sì mọ́ bá a lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn alákòóso ọjà náà máa ń sọ pé nínú gbogbo èso àti ewébẹ̀ tútù tí wọ́n ń jẹ níta ní London, ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló ń gba ọjà àwọn kọjá. Ẹ wá fojú inú wo bó ṣe máa rí bí ẹnu tó ń jẹ gbogbo ẹrù yẹn bá pa dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, ọdún 2020, Boris Johnson tó jẹ́ olórí ìjọba wọn ní kí àwọn èèyàn yẹra fún ilé ọtí àti ilé oúnjẹ. Kò ní kí wọ́n tì í o. Ó kàn ní kí ẹnikẹ́ni má lọ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló burú jù fún wa, torí alásè kò mọ iye tí òun máa rà, àwa náà kò mọ iye tí a máa kó sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 20, ó ní kí gbogbo wọn ti ilẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 22, ni Ọjọ́ Ìyá ní Britain. Ẹ̀yin tó ń ta ọjà fún ilé oúnjẹ á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ tí ilé oúnjẹ máa ń kún jù lọ́dún ni, a sì ti ra ẹrù sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Yàrá tútù wa kún débi pé ẹsẹ̀ kò gba ilẹ̀. A fún ilé ìwòsàn lára rẹ̀, a kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi gan-an gbé olú páálí mẹ́rin lọ sílé. Ìyàwó mi sọ pé tí òun bá tún rí olú lọ́dún yẹn, òun á kó lọ sílé ìyá òun.

Lọ́jọ́ 23 ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yà wá lẹ́nu nìyí: bí oúnjẹ ṣe ń bà jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni àwọn èèyàn ń wá oúnjẹ kiri ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Gbogbo àyè tí èèyàn lè gbà kí wọ́n gbé ọjà wá sílé fún un ní àwọn ilé ìtajà ńlá ti kún. Ocado, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbé oúnjẹ délé lọ, ní láti ti ojúlé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pa fún ọjọ́ díẹ̀ torí èrò ti pọ̀ jù. Oúnjẹ wà ní ìlú, mà. Ọ̀nà tó ń gbà dé ẹnu ni kò sí. Ọ̀nà méjì ló wà, ọ̀kan ń lọ sí ilé oúnjẹ, ìkejì ń lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì, wọn kì í pàdé.

Fúláwà ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Ní Britain, nǹkan bíi kílò mẹ́rin péré nínú 100 ni fúláwà tó ń dé ilé ìtajà nínú ọ̀rá kékeré. Ìyókù ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣebúrẹ́dì àti ilé iṣẹ́ ńlá, nínú àpò kílò 16 àti nínú ọkọ̀ ńlá. Nígbà tí gbogbo ìlú jókòó sílé tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dá búrẹ́dì ṣe, fúláwà tán lórí pẹpẹ. Àwọn ilé ìlọ̀ ń lọ̀ tọ̀sán tòru, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń dì í sí ọ̀rá kékeré kò ju iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ lè ní fúláwà tó kún yàrá, kí ìyá kan lójúlé kejì má sì rí ọ̀kan rà, torí kò sí ọ̀rá tó máa gbé e dé ọwọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Àpò pòtétò tí alásè ń rà, kílò 25 ni. Páálí ẹyin, 180 ló wà nínú rẹ̀. Òróró, kẹ́ẹ̀gì. Ta ló fẹ́ gbé kílò 25 pòtétò gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà kẹrin fún ìyá àgbàlagbà kan tó ń dá gbé? Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀gá wa ní kí a kàn kọ iye owó gbogbo ọjà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí oníkálukú mú ohun tó wù ú. Ṣe ni a fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ẹnì kan á ní òun fẹ́ kárọ́ọ̀tì mẹ́fà, òroǹbó kan, ewé díẹ̀. Èèyàn méjì á máa sá kiri yàrá tútù pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ láti kó ẹrù tí kò tó pọ́ùn 12. A dì í títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọkọ̀ kò sì tíì gbéra.

Ohun tó gbà wá ni páálí àdàpọ̀. Gbogbo àwọn tó rù ú là ní ọjà wa ló bọ́ sí i: páálí kan, iye kan, ohun tí a bá rí lọ́jà lọ́jọ́ náà ni a ó kó sínú rẹ̀, kò sí yíyàn. Pòtétò, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, tòmátì, ewébẹ̀ méjì, èso mẹ́ta. A ó to páálí 200 sílẹ̀ ní gbọọrọ, ẹnì kan á máa ju àlùbọ́sà sí i bó ṣe ń kọjá, ẹlòmíràn á tẹ̀ lé e pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iṣẹ́ ti parí. Èyí dára lọ́nà mìíràn tí ẹ máa mọyì rẹ̀: bí tòmátì bá wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, a ó dín in, a ó fi kábéèjì dí i, oníbàárà kò ní bínú, torí kò ra tòmátì, páálí ló rà.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ọkọ̀, torí ibẹ̀ ni ìbéèrè mọ́tò yín wà. N ó fi iye ṣe àpẹẹrẹ lásán, kì í ṣe ìwé ilé iṣẹ́ wa. Ká ní ọkọ̀ kan ń já ẹrù ní ilé oúnjẹ 15 láàárọ̀, tí oníkálukú ń ra pọ́ùn 180. Pọ́ùn 2,700 nìyẹn nínú ọkọ̀ kan. Ẹ wá kó ọkọ̀ kan náà, awakọ̀ kan náà, lọ sí ilé 50, kí ilé kọ̀ọ̀kan ra páálí pọ́ùn 35. Pọ́ùn 1,750 ni. Ìdúró ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, owó ti dín ní ẹgbẹ̀rún kan dín 50. Epo kò mọ̀ pé páálí kéré. Owó awakọ̀ náà kò mọ̀. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ Baldor ní Bronx, tó ń kó oúnjẹ fún ilé oúnjẹ ní New York, fi sọ nígbà tí òun náà ṣílẹ̀kùn fún àwọn ilé lóṣù Kẹta yẹn pé ẹni tí kò bá rà tó dọ́là 250, àwọn kò ní gbé e. Àwọn èèyàn kan kọ́kọ́ rò pé ìgbéraga ni. Èmi rí i bíi ẹni tó mọ ìṣirò.

Báwo wá ni àwa tó ń ta páálí pọ́ùn 35 kò ṣe ṣubú? Àrùn náà fi àwọn ẹ̀bùn kan ràn wá lọ́wọ́ tí a kò mọ̀ pé ẹ̀bùn ni. Ojú ọ̀nà London ṣófo. Wọ́n tún dá owó tí ọkọ̀ ń san láti wọ àárín ìlú dúró láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún. Gbogbo èèyàn wà nílé, nítorí náà kò sí pé a kanlẹ̀kùn tí a kò bá ẹnì kan. Súpámákẹ́ẹ̀tì kò ráyè fún wọn. Wọ́n sì fara mọ́ páálí tí wọn kò yan ohun inú rẹ̀, torí pé wọn kò ríbòmíràn lọ. Gbogbo èyí ni kò sí ní Ìbàdàn lónìí, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó fi tiwa ṣe àwòkọ́ṣe.

Ní ti ìjọba, wọ́n san ìdá 80 nínú 100 owó oṣù fún òṣìṣẹ́ tó jókòó sílé, kò gbọ́dọ̀ ju pọ́ùn 2,500 lọ lóṣù. Ìyẹn ràn wá lọ́wọ́. Àmọ́ owó orí ilé ìtajà tí wọ́n fi ji ilé oúnjẹ àti ilé ọtí, wọn kò fi ji àwa tó ń kó ọjà fún wọn, bí ẹni pé ilé wa kò jó nínú iná kan náà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi Brakes àti Bidfood rí iṣẹ́ ìjọba gbà: àwọn ló ń di páálí oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn tí àìlera wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè jáde rárá, títí di ìparí oṣù Keje. Àwọn kéékèèké ń wòran.

Owó ni apá tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ilé oúnjẹ London, àwìn ni wọ́n ń rà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni àdéhùn, ogójì, àádọ́ta ni ìṣe. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ 20 yẹn, ẹrù oṣù kan ó lé ti wà nínú ikùn àwọn tó jẹ ẹ́, owó kò sì tíì dé ọwọ́ wa. Òmíràn nínú wọn kò ṣí mọ́ láéláé. Mo mọ ilé iṣẹ́ kan tó jẹ́ pé kì í ṣe àìrí ọjà tà ló pa á, ọjà tó ti tà tán ló pa á. Àwọn ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà ilé ń fi káàdì sanwó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun fún ẹrù tí a máa lọ rà ní òru Ọjọ́bọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wa, owó oníbàárà ló ń ra ọjà, kì í ṣe owó wa. Èrè orí páálí kéré, àmọ́ ọwọ́ wa ló wà. Nígbà tí mo padà wo ìwé náà lẹ́yìn ọdún kan, ohun tí mo rí nìyẹn: páálí kò sọ wá di olówó, ó kàn jẹ́ kí a máa mí títí ilé oúnjẹ fi ṣí.

Kí n má gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹnu. Alásè tó bá rí tòmátì rírọ̀ á bú yín, á sì sè é. Ìyàwó ilé tó bá rí ẹyọ kan tó rọ̀ á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́, á dúró de èsì. A gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa bẹ èèyàn lórí fóònù lọ. Òfin náà tún wà: ní Britain, ẹni tó bá ń ta oúnjẹ láti òkèèrè gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ bí ọ̀kan nínú ohun 14 tó lè da ara ẹlòmíràn rú bá wà níbẹ̀, kó tó sanwó àti nígbà tó bá gba ẹrù. A rò pé ti ẹ̀pà àti wàrà ni, kò kan aláta. Àṣé ewébẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní celery wà lára 14 náà, inú gbogbo páálí wa ló sì wà.

Nígbà tí ilé oúnjẹ ṣí padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ 4 oṣù Keje, àwọn oníbàárà ilé bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Lóṣù Kẹjọ, ìjọba ń san ìdajì owó oúnjẹ fún ẹni tó bá jókòó jẹun nílé oúnjẹ lọ́jọ́ Ajé títí di Ọjọ́rú, kò gbọ́dọ̀ ju pọ́ùn 10 lórí ẹnì kan. Ta ló tún fẹ́ dá kárọ́ọ̀tì gé nílé? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti páálí pa lóṣù náà, wọ́n sì kábàámọ̀ nígbà tí kónílé-ó-gbélé tún dé lọ́jọ́ 5 oṣù Kọkànlá. Àwọn tó fi í sílẹ̀ ní kékeré, lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, ni kò ní wahálà. Àwọn mìíràn bíi Natoora, tó jẹ́ pé ohun tí súpámákẹ́ẹ̀tì kò ní ni wọ́n ń tà, rí i pé ilé lè dúró pẹ̀lú ilé oúnjẹ. Ẹni tó ń ta pòtétò kan náà tí súpámákẹ́ẹ̀tì ń tà kò lè bá a du owó.

Ó di tiyín, mà.

Ẹ má fi ilé oúnjẹ sílẹ̀. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ lè ra odidi apẹ̀rẹ̀ ní owó tó dára, kí ó sì tán kí tòmátì tó sọ̀ omi. Ilé nìkan kò lè jẹ ẹ́ tán. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ fi ilé kún un, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ dá àpò ọbẹ̀ sílẹ̀: tòmátì, tàtàṣé, rodo, àlùbọ́sà, iye tó lè se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan fún ìdílé èèyàn márùn-ún, iye owó kan. Ẹ lè ní ńlá àti kékeré, ẹ má jẹ́ kó ju méjì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹja, ẹ jẹ́ kó fi owó rẹ̀ lé e, ẹ má kó o sínú àpò, torí kò sí ohun tó ń ba orúkọ jẹ́ bí ẹja tó pẹ́ lójú ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá sì ní kí ẹ lọ ata fún òun kí ẹ dì í sínú ike pẹ̀lú orúkọ yín lára rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ NAFDAC ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ẹ máa gba owó títí di alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kí àlátì báńkì wọlé kí ẹ tó kọ orúkọ. Ní ìdájí Àbámẹ́ta ni kí ẹ ra iye tí wọ́n ti sanwó rẹ̀, kí ẹ dì í, kó sì ti dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó di ọ̀sán. Ẹ má gba gbogbo Ìbàdàn. Ẹ yan ibi méjì tó súnmọ́ra, bíi Bódìjà fúnra rẹ̀ àti Àkóbọ̀, kí ẹ sì wá ẹnì kan ní ẹ́sítéètì kọ̀ọ̀kan tí ẹ máa kó ti gbogbo wọn já sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. London ni mo ti rí èyí: àdúgbò kan á dá WhatsApp sílẹ̀, ìyá kan á gba páálí 12 sí gáréèjì rẹ̀, àwọn yòókù á wá gbé tiwọn. Ìdúró 12 di ẹyọ kan. Ẹ fún ìyá náà ní àpò tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ṣì jèrè.

Mọ́tò ńkọ́? Ẹ háyà kẹ̀kẹ́ Márúwá fún òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, kí ẹ sì ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ kọ iye àpò, iye owó kẹ̀kẹ́, iye tó bà jẹ́ sínú ìwé kan tí ẹ kò ní fi kọ nǹkan mìíràn. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń kún tí ó ń padà wá gbé ẹ̀ẹ̀kejì lọ́sẹ̀ mẹ́ta léra, ẹ kọ̀wé sí mi, a ó jọ sọ̀rọ̀ mọ́tò.

Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ mú ìwé hòtẹ́ẹ̀lì tó jẹ yín lówó oṣù mẹ́ta, ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ fi wé owó mọ́tò tí ẹ fẹ́ yá. Láti ọ̀la, ẹ má gbé ẹrù tó ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ fún wọn láwìn, bó ti wù kí ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín tó. Bí owó méjèèjì bá súnmọ́ra, mọ́tò yín ti wà ní hòtẹ́ẹ̀lì náà.